Eré Tí Kì Í Ṣe Àwàdà: Ìmọ̀ Ìjìnlẹ̀ Ìdárayá gẹ́gẹ́ bí Ọ̀nà Wọ Yunifásítì



Mo mọ̀ pé ẹnu yóò ti ya àwọn kan nínú yín nígbà tí wọ́n rí àkọlé ọ̀rọ̀ mi lára pátákó. Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ohun tí àwọn tí ó mọ̀ mí ń retí ni pé n ó sọ̀rọ̀ lórí ìjálá tàbí lórí ìtàn àròsọ. Ẹnìkan tilẹ̀ pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé lánàá, ó bi mí bóyá èmi náà ni n ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sá yí pápá ká bí mo bá ti sọ̀rọ̀ tán. Mo dá a lóhùn pé orúnkún mi kò gbà. A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí a rín yẹn wà lára ohun tí ó gbé mi dìde lónìí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Mo fẹ́ sọ pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ìdárayá jẹ́ ẹnu ọ̀nà tòótọ́ sí yunifásítì, tí ó sì ní ilé tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwa òbí àti àwa olùkọ́ ni a sọ ọ́ di fèrèsé ẹ̀yìn, tí a ń ti ọmọ tí kò rí ibòmíràn gbà wọlé. N kò sọ èyí gẹ́gẹ́ bí adájọ́. Mo wà lára àwọn ẹlẹ́bi, n ó sì ṣàlàyé bí ó ti jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ibi tí ó rọ̀ mí lọ́rùn, èyíinì ni ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí Yorùbá bá pe “eré”, ó lè jẹ́ èyí tí àwọn ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá. Ó lè jẹ́ èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ sá, nítorí “sá” àti “eré” ni a pa pọ̀ tí ó di “sáré”. Ó sì tún lè jẹ́ èyí tí àwọn òṣèré ń ṣe lórí ìtàgé. Ohun mẹ́ta tí a kò lè fi ara tí kò yá ṣe ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kó pọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a fi ń júwe ohun tí a kò kà sí. Bí mo bá wí fún ọ pé, “Mo ń bá ọ ṣeré ni,” ohun tí mo ń wí ni pé kí o má ka ohun tí mo ti sọ kún. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá dé ilé tí ó ní ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ni òun fẹ́ kọ́, “eré” ni òbí rẹ̀ gbọ́. Kì í dúró gbọ́ “ìdárayá”. Bẹ́ẹ̀ ìdárayá ni ó ru ẹrù orúkọ náà: kí a dá ara yá. Nígbà tí a bá sọ pé ara lágbájá kò yá, àìsàn ni a ń wí. Ẹni tí ó bá mọ èdè yìí dáadáa kò gbọdọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè pé kí ni ìdárayá ń wá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga.

Àwa tí a ń kọ́ni ní eré onítàn tilẹ̀ ti jẹ nínú ìyà ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà kan wà tí àwọn òbí ń sunkún bí ọmọ wọn bá sọ pé tíátà ni òun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Àwa tí a sì kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá, wọ́n ń bi wá léèrè pé kí ni a fẹ́ kọ́ nínú èdè tí a mu mọ́ ọmú. Ó yẹ kí irú wa, ju ẹnikẹ́ni lọ, mọ bí ó ti ń rí lára kí a fi ẹ̀kọ́ ènìyàn ṣẹ̀sín. Nígbà tí ó kàn mí, n kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọbìnrin ni àkọ́bí mi. Láti kékeré ni ó ti ń sáré. Bí a bá rán an níṣẹ́, kì í rìn. Eré ni yóò sá lọ, eré ni yóò sá bọ̀, díẹ̀ nínú iyọ̀ tí a ní kí ó rà yóò sì ti dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, òun ni wọ́n máa ń fi sí ìpele ìkẹyìn nínú eré sísá ẹlẹ́ni mẹ́rin. Inú mi a máa dùn ní ọjọ́ ìdíje. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìwé ni mo tún ń bi í léèrè. Mo ti pinnu fún un, kí ó tó lè pinnu fún ara rẹ̀, pé dókítà ni yóò ṣe.

Ó ṣe ìdánwò àṣewọlé JAMB. Kò fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ kò tó èyí tí wọ́n ń béèrè fún ìmọ̀ ìṣègùn. Yunifásítì kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, fún un ní àyè láti kọ́ ìmọ̀ ìdárayá dípò rẹ̀. Ó mú lẹ́tà náà wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ ń dán.

“Bàbá, wọ́n ti gbà mí o. Ẹ wò ó.”

Mo kà á tán, mo bọ́ awò ojú mi. Mo ní, “Ta ni yóò gbọ́ pé ọmọ mi lọ sí yunifásítì lọ kọ́ bí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù?”

Kò dá mi lóhùn. Ní ilé wa, ọmọ kì í dá bàbá lóhùn lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ká lẹ́tà náà, ó mú un wọ yàrá lọ. Ọjọ́ tí ó yẹ kí ó lọ gba àyè náà kọjá. Ó ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀kejì, máàkì rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ọdún méjì nílé, ó wá kúnlẹ̀ níwájú èmi àti ìyá rẹ̀. Ó ní òun ti gba fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kan. Ó ní owó tí òun ń gbà níbi tí òun ti ń tọ́jú àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni òun fi san án, àti pé ẹ̀kọ́ ìlera àti ìdárayá ni òun fẹ́ kọ́. Kì í ṣe àṣẹ ni ó wá gbà. Àdúrà ni ó wá gbà, ìyá rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í súre kí n tó la ẹnu.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọdún méjì nílé, ọdún mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ìwé-ẹ̀rí NCE, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́ta ní yunifásítì, nítorí pé ìwé-ẹ̀rí yẹn gbé e wọ ọdún kejì tààrà. Ọdún mẹ́jọ ni ọmọ mi fi rin ohun tí ì bá fi ọdún mẹ́rin rìn, nítorí gbólóhùn kan tí mo sọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Èmi tí mo fi bọ́ọ̀lù ṣẹ̀sín, n kò tí ì ṣí ìwé kankan lórí ìmọ̀ náà rí nígbà yẹn. Ìwé ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ ṣí, nígbà tí ó wá lo ìsinmi nílé tí ó gbàgbé rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun. Ohun tí ojú mi bọ́ sí kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ àwọn ọkọ̀ akérò ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni.

Ní ọdún 1953, dókítà kan tí ó ń jẹ́ Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí à ń pè ní *The Lancet*. Ọkọ̀ alájà méjì ni ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ènìyàn méjì ni ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Awakọ̀ jókòó láti òwúrọ̀ di ìgbà tí iṣẹ́ parí. Agbowó ọkọ̀ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tó àtẹ̀gùn 500 sí 750 lójúmọ́. Ọ̀gá kan náà ni wọ́n ń sìn, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà, èéfín kan náà ni wọ́n ń fà símú. Síbẹ̀, àrùn ọkàn ń mú àwọn awakọ̀ ju àwọn agbowó lọ, bí ó bá sì mú agbowó, kì í tètè pa á bí ó ti ń pa awakọ̀. Wọ́n tún wo ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, wọ́n fi àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ pín lẹ́tà wé àwọn akọ̀wé tí ń jókòó, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wọ mólúè ní Èkó rí kò nílò kí n ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹni tí ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú àti ẹni tí ó ń fò sókè fò sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Ibi tí ìwádìí náà ti wọ̀ mí lára jù ni ohun tí Morris ṣe lẹ́yìn náà. Kò yára yọ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé: ṣé ìjókòó ni ó fa àrùn náà ni, àbí àwọn tí ara wọn ti wúwo tẹ́lẹ̀ ni ó ń yan iṣẹ́ ìwakọ̀? Báwo ni ó ṣe wá èsì rẹ̀? Ó lọ wo ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ sí! Ó rí i pé ìbàdí ṣòkòtò àwọn awakọ̀ fẹ̀ ju ti àwọn agbowó lọ, ó sì tẹ èyí náà jáde ní 1956, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè mú ẹjọ́ tirẹ̀ rọ̀. Àwa tí a ń ka ewì mọ irú ìwà yìí. Ẹni tí ó bá rí ìtumọ̀ kan nínú ewì, tí ó sì tún padà lọ wá ìlà tí ó lè ta ko ìtumọ̀ náà, olùwádìí ni. N kò mọ̀ pé mo lè bá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ pàdé nínú ìwé tí mo pè ní ìwé bọ́ọ̀lù. Morris fúnra rẹ̀ pé ẹni ọdún 99 kí ó tó kú ní 2009.

Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ọmọ mi ní ìkọ̀kọ̀. Mo kà nípa A. V. Hill, ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lára àwọn tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1922 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí iṣan ṣe ń mú ooru jáde. Eléré ìje ni òun náà, ara rẹ̀ sì wà nínú ohun tí ó fi ń ṣe ìwádìí. Mo kà nípa bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sínú iṣan, àti ìdí tí àyà ẹni tí ń ṣe ìdárayá déédéé fi ń rọra lù nígbà tí ó bá sinmi. Mo ka bí oríkèé ṣe ń ru ìwúwo ara, tí wọ́n ń fi ìmọ̀ físíìsì ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò afárá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibẹ̀ ni kò yé mi. Ọmọ tí mo rò pé kò ní ọpọlọ tí ó tó fún ìmọ̀ ìṣègùn ni mo ń fi ìtìjú bi léèrè ohun tí ó ti yé e.

Mo gbọ́dọ̀ ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀ kí ọ̀rọ̀ mi má baà dàrú, nítorí pé àwọn ènìyàn a máa so wọ́n pọ̀. Ọ̀nà kan wà tí ó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó gbé e dé yunifásítì. Fálilat Ògúnkọ̀yà, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ó gba idẹ nínú eré 400 mítà ní Atlanta ní 1996, ti kàwé ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà. Tóbi Àmúsàn láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Yunifásítì Texas ní El Paso. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, ó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá 100 mítà onídènà ní ìlú Eugene, kò sì sí obìnrin kankan ní àgbáyé tí ó tí ì yára tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọ̀nà tóóró ni ọ̀nà yìí, ẹsẹ̀ díẹ̀ ni ó gbà.

Ọ̀nà kejì ni mo ń sọ. Ọ̀nà kejì kò béèrè pé kí o yára ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ń béèrè pé kí o fẹ́ mọ ohun tí ó ń mú ẹni tí ó yára yára. Ẹnìkan lè rìn ní ọ̀nà kan láìfi ẹsẹ̀ kan èkejì. Emmanuel Ifeajuna, tí ó fò ga jù lọ ní Vancouver ní 1954, tí ó sì di ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò gba wúrà nínú ìdíje Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Sáyẹ́ǹsì ni ó kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe sáyẹ́ǹsì ìfò tí ó fò. Ní òdìkejì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jókòó ti ọmọ mi ní kíláàsì ni kò gba àmì-ẹ̀yẹ kankan rí láyé wọn. Ọ̀kan nínú wọn tiro láti kékeré. Ó sọ fún mi pé ẹsẹ̀ òun ni ó kọ́kọ́ mú òun fẹ́ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń gba ọ̀nà kejì yìí wọlé? Láti 1978 tí ìjọba ti dá àjọ JAMB sílẹ̀ ni gbogbo wa ti mọ ìlẹ̀kùn àkọ́kọ́: ìdánwò ẹ̀kọ́ mẹ́rin, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, wọ́n ń fẹ́ Báyọ́lọ́jì lára mẹ́ta tí ó kù. Láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn ọdún 2020, àjọ náà fi ẹ̀kọ́ ìlera àti ìdárayá fúnra rẹ̀ kún àwọn ẹ̀kọ́ tí a lè fi ṣe ìdánwò náà. Ohun tí ó dára ni. Ìlẹ̀kùn kejì ni èyí tí ọmọ mi gbà, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí NCE láti kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, bí irú èyí tí wọ́n ń gbà ní Osíẹ̀lẹ̀ tàbí ní Ọ̀yọ́. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé ti dúró níwájú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú oòrùn, ó ti rí ọmọ tí kò lè sáré nítorí pé kò jẹun láàárọ̀, kí ó tó wá jókòó gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí nípa agbára inú oúnjẹ. N kò rò pé ọdún mẹ́ta yẹn ṣòfò. Ọdún méjì tí mo fi dá a jókòó sílé ni ó ṣòfò.

Ìwé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kà lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì, orúkọ rẹ̀ pàápàá sì ń yí padà. Ní Ìbàdàn àti ní Ifẹ̀, abẹ́ ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi í sí, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì ń pè é báyìí ń tọ́ka sí ìmọ̀ nípa bí ara ṣe ń lọ, tí ó ń bọ̀. N kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò lè fò dá. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé rí, mo sì mọ bí a ti ń ṣe é. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, nígbà tí àwọn ẹ̀ka tí gbogbo ayé ń lé ti kún, orúkọ àwọn ọmọ yóò kù nílẹ̀ tí máàkì wọn kò burú. Ẹnìkan yóò ní, “Ẹ kó wọn fún àwọn eléré ìdárayá.” Ẹnikẹ́ni kì í béèrè lọ́wọ́ ọmọ. A ń pín wọn bí ẹni ń pín àṣẹ́kù sààrà. Ọmọ náà yóò gba lẹ́tà, òbí rẹ̀ yóò sọ irú ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Bí ó bá sì lọ, yóò lọ pẹ̀lú ìrònú pé òun ń kọjá ni, pé bí òun bá dé ọdún kejì òun yóò fò sí ibòmíràn. Nígbà tí àwọn olùkọ́ ẹ̀ka náà bá wọ kíláàsì, àwọn wo ni wọn yóò bá níbẹ̀? Àwọn tí ó fẹ́ràn ìmọ̀ náà díẹ̀, àwọn tí ń sọ̀fọ̀ ìmọ̀ ìṣègùn pọ̀. Lẹ́yìn náà a ó wá sọ pé ẹ̀ka náà kò lágbára.

Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ kan yóò gbọ́ pé ó rọrùn láti wọ ibẹ̀, yóò rò pé ó rọrùn láti jáde níbẹ̀. Yóò ra bàtà eré. Kò pẹ́ kò jìnnà, yóò bá orúkọ gbogbo eegun ara pàdé, yóò bá ìṣirò pàdé. Ọmọ mi sọ fún mi pé ní ọdún àkọ́kọ́ òun níbẹ̀, ọmọkùnrin kan tí ó ga bí òpó dìde ní àárín kíláàsì ìṣirò, ó bi olùkọ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni a ó lọ sí pápá?” Olùkọ́ náà ní, “Bí o bá lè sọ fún mi ìdí tí a fi ń lọ síbẹ̀.”

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé mi ni ó jẹ́ kí n lè sọ gbogbo èyí ní gbangba. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ìyá mi ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹni ọdún 83 ni wọ́n nígbà náà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Gbogbo wa wo ẹ̀yìn lóòótọ́. A ń wá ẹni tí ó fa ìṣubú náà nínú ẹbí, a ń gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀. Wọ́n ya àwòrán eegun wọn ní ilé ìwòsàn, kò sí èyí tí ó ṣẹ́. Dókítà fún wọn ní oògùn ìrora, ó sì ní kí wọ́n máa sinmi. Ìyá mi sinmi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè dìde mọ́.

Ọmọ mi dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Kò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ni ó wò. Ó gbé àga kan sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ ní mítà mẹ́ta sí àga náà, ó mú aago jáde.

“Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dìde lórí àga yìí, ẹ rìn dé ìdí ìlà yẹn, kí ẹ yí padà, kí ẹ wá jókòó. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.”

“Ọkọ mi, ṣé kò sí ẹlòmíràn tí o lè fi kọ́ iṣẹ́ ni?”

“Ẹ̀yin náà ni mo fẹ́ràn jù, mà.”

Ìṣẹ́jú-àáyá 19 ni ó gbà wọ́n. Ọmọ mi ṣàlàyé fún wa pé bí àgbàlagbà bá lo ìṣẹ́jú-àáyá 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìdánwò yìí, ó yẹ kí a máa bẹ̀rù pé ó lè ṣubú. Ó ní kì í ṣe ọ̀tá ni ó ti ìyá mi. Iṣan itan wọn ni kò lágbára mọ́, ìsinmi tí a fi ń kẹ́ wọn sì ń jẹ èyí tí ó kù níbẹ̀. Ó kọ́ wọn bí wọn yóò ti máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara wọn, márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lálẹ́. Ó kọ́ wọn bí wọn yóò ti máa di etí tábìlì mú kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ránṣẹ́ sí dókítà wọn, ẹni tí ó fọwọ́ sí i. Kò ta oògùn, kò sì pe ara rẹ̀ ní dókítà. Bí ìrora bá pọ̀ ní orúnkún, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi ọwọ́ tọ́jú oríkèé ní ilé ìwòsàn ni kí a gbé wọn lọ. Ó mọ ibi tí ìmọ̀ tirẹ̀ pin sí, èmi tí mo kàn án lábùkù kò mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo rí iṣẹ́ tí ó kan èmi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè. Ọmọ mi ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́ fún ìyá àgbà rẹ̀ ní Yorùbá. Mo jókòó tì í. A bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀nà tí Yorùbá gbà ń rìn. Ọmọdé tí ń kọ́ ìrìn ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Arúgbó ń wọ́ ẹsẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ń tiro. Ọ̀mùtí ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ẹni tí ó lówó ń yan. Ó ń kọ wọ́n sílẹ̀ bí mo ti ń pè wọ́n, ó ń bi mí pé: nígbà tí wọ́n bá ní ẹnìkan ń wọ́ ẹsẹ̀, ṣé gìgísẹ̀ ni kì í kúrò nílẹ̀ ni àbí ọmọ ìka ẹsẹ̀? Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní èdè yìí. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ó di dandan kí n dìde, kí n wọ́ ẹsẹ̀ nínú pálọ̀, kí n tó lè dá a lóhùn.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀, ìṣirò sì wà nínú rẹ̀. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde, kí àwa tí a ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ lè fi èdè wa sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ wa. Àwọn tí ń kọ́ nípa ara nílò irú rẹ̀, nítorí pé ẹni tí wọ́n fẹ́ mú dìde lórí àga kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti bẹ olórí ẹ̀ka wọn pé kí a jọ jókòó lórí rẹ̀. Ó gbà. Ó ní ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní ọ́fíìsì òun, nítorí pé àtẹ̀gùn tí mo gùn dé ibẹ̀ kò tó ohun tí ó yẹ kí ó mú mi mí hẹlẹhẹlẹ bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ fún ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n. Mo ti ń rìn yí ọgbà yunifásítì yìí ká láàárọ̀ báyìí. Bí ẹ bá rí mi, ẹ má rò pé ọkọ̀ mi bàjẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 11, ọmọ mi padà sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, mo sì bá a lọ. Àga wà ní ibi tí ó wà, ìlà ṣọ́ọ̀kì ti parẹ́, ó tún òmíràn fà. Ìyá mi dìde, wọn kò fi ọwọ́ ti ara wọn. Wọ́n rìn lọ, wọ́n rìn bọ̀, wọ́n jókòó. Ọmọ mi wo aago, ó ní ìṣẹ́jú-àáyá 14 ni. Ìyá mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé òun ti jókòó kí ó tó tẹ aago náà. Wọ́n ní kí ó tún un kà.